Kí Omi Tó Ka Ilé Wa, Ẹ Jẹ́ Kí Àwa Kọ́kọ́ Kà Wọ́n

Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ

 

Ẹni tó bá ti sùn sí ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Òjò á máa rọ̀ sórí páànù bí ẹni ń da òkúta, àwọn ọmọ á sún mọ́ra lórí ẹní. Nígbà tó bá yá, ìyá ilé á gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ti òrùlé mọ́: omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Á dìde, á gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì, á kó ìwé àwọn ọmọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, á ká mátírẹ́ẹ̀sì, á sì pọn èyí tó kéré jù lọ. Orí ìdúró ni ilẹ̀ á mọ́ bá gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á máa fi ike gbọ́n omi, aládùúgbò á wá kí wọn kú ewu, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ títí di òjò mìíràn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ bi yín nínú ìwé yìí. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní Ògùn Waterside, mélòó ni omi lè wọ̀? A kò bèèrè iye tó ti wọ̀ rí o. Iye tó lè wọ̀ ni a ń bèèrè. Ẹ bi káńsílọ̀ yín, ẹ bi alága àdúgbò yín, ẹ bi pásítọ̀ yín pàápàá. Èsì tí ẹ máa gbọ́ jù lọ ni, "Ah, ó pọ̀." Ṣùgbọ́n "ó pọ̀" kì í ṣe iye. A kò lè fi "ó pọ̀" mọ bí gọ́tà ṣe máa fẹ̀ tó. A kò lè fi mọ iye yàrá ilé-ìwé tí a máa ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí omi bá lé jáde, tàbí iye arúgbó tí a gbọ́dọ̀ lọ gbé kí ilẹ̀ tó ṣú.

A MỌ ÒKÚ KÀ, A KÒ MỌ ILÉ KÀ

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ omíyalé ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì lé ní 200 ènìyàn tó bá omi náà lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí omi ti ṣe Ìbàdàn báyìí ní 1955, ní 1960, ní 1963 àti ní 1978. Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí díẹ̀ tún kún odò ìlú náà. Afárá já, ilé wó, ó sì lé ní 100 ènìyàn tó kú.

Ní ọdún 2012, omi gba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà. Iye tí àjọ NEMA gbé jáde ni òkú 363, àti ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì tó sá kúrò nílé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àti Báńkì Àgbáyé pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn jókòó, wọ́n sì ṣírò pé ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí a pàdánù jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 16.9 dọ́là. Ní ọdún 2022, ó tún lé ní 600 òkú, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí kò rí ilé sùn, ilé tó bàjẹ́ sì lé ní 200,000. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi gba ìlú Mokwa ní Ìpínlẹ̀ Niger mọ́jú, ó sì ju 200 ènìyàn lọ tó kú.

Ẹ wo gbogbo iye wọ̀nyí dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí omi ti lọ ni a ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí omi bá ti lọ tán, a mọ òkú kà, a mọ àpò ìrẹsì ìrànwọ́ kà, a sì mọ iye fọ́tò tí àwọn èèyàn ńlá yà níbẹ̀. Ilé tó dúró sí ojú ọ̀nà omi kí omi tó dé, òun ni a kì í kà. Ìṣirò ẹ̀yìn ikú nìyẹn, kò sì lè jí ẹnikẹ́ni dìde.

A kò ní sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Àjọ NiMet máa ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí. Láti ọdún 2013 ni àjọ NIHSA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ odò àti omi ilẹ̀, ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n sì máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ewu lè dé bá. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe orúkọ òpópónà. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, tí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà nínú rẹ̀, ní òkè, ó sì ní kòtò. Bí rédíò bá ní ewu wà níbẹ̀, onílé tó wà lórí òkè á bẹ̀rù lásán, èyí tó wà nínú kòtò á sì rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Láti orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé, ọ̀nà náà jìn, àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ni a sì lè rìn ín.

OMI MẸ́TA, EWU MẸ́TA

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé omi tó ń da ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láàmú kì í ṣe irú kan náà.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àgbàrá ni. Láti Òkè-Ṣópẹ́n dé Òjòwò, Àtìkòrì, Òkè-Àgbò àti Jápárá, orí ilẹ̀ olókùúta ni ìlú náà tẹ̀dó sí, ilẹ̀ náà sì gùn, ó sọ̀. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé igbó ni ibẹ̀ jẹ́ rí. Igbó a máa gba òjò, ewé á dá a dúró, ilẹ̀ á sì mu ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì bá rọ́pò igbó, òjò kan náà tí àwọn bàbá wa rí kò ní ibi tó máa wọ̀ mọ́. Á kóra jọ, á sáré, á sì wá ìsàlẹ̀. Bó bá bá gọ́tà tí ìdọ̀tí àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí, inú ilé ló máa yà sí. Irú omi yìí kì í pẹ́ rárá. Láàárín wákàtí kan ó lè dé kí ó sì lọ, ṣùgbọ́n ó lágbára láti gbé ọmọdé, ó sì lè wó ògiri.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ayálégbé ló fi yàtọ̀. Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí à ń pè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ láti 2001, ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i. Bí ilẹ̀ òkè bá ti wọ́n, àwọn tó ń kọ́lé á bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ó jẹ́ àkùrọ̀ tí àwọn àgbà ti ń gbin ẹ̀fọ́ ní ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á sì gbé ilé lé e. Ọmọ tó ti Èkó tàbí Ìlọrin wá, nínú ọyẹ́ ló wá wo yàrá. Ilẹ̀ gbẹ táútáú, ilé kun ọ̀dà tuntun, ó sì sanwó ọdún kan. Ta ni máa sọ fún un pé omi dé ojú fèrèsé yàrá náà ní ọdún méjì sẹ́yìn? Onílé kò ní sọ, ẹni tó bá a wá ilé náà kò sì ní sọ.

Ní Ògùn Waterside, láti Abígi dé Ìwópìn, Mákùn-Omi àti àwọn abúlé etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Níbẹ̀, omi kì í sáré. Ńṣe ló máa ń gòkè. Odò Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Èkìtì, ó kó omi Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ́ra, ó sì wá tú gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ọ̀sà náà kò sì ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Omi rẹ̀ ní láti rìn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, kọjá Ẹ̀pẹ́, wọ ọ̀sà Èkó, kí ó tó rí ẹnu òkun jáde. Ìyẹn ni pé òjò tó rọ̀ sí ibi tó jìnnà gan-an lè mú omi gòkè ní Ìwópìn ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Bí ó bá sì gòkè, ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kì í sábà pa ènìyàn lójijì, ṣùgbọ́n á ba ìpìlẹ̀ jẹ́, á wọ kànga, á gbé ohun inú ṣáláńgá jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì máa ń tẹ̀ lé.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìwọ̀nba ìrìn ni Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, sí wa ní etíkun kan náà. Àwọn onígbàgbọ́ ló dá ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1947, òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì kàn dé òkè òkun. Lónìí, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé wọn, ó gba òpópónà, ó sì ń bọ̀ síwájú sí i. Láti 2004 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun náà jáde, síbẹ̀ òkun kò dúró de ìwé àdéhùn. Bí a bá wo ibẹ̀, a ó rí i pé ìlú tí kò bá ní àkọsílẹ̀ ilé rẹ̀ á máa fi ẹnu lásán sọ ohun tó ti sọnù.

KÍ NI "WÀ NÍNÚ EWU" TÚMỌ̀ SÍ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé méjì péré ni ilé: èyí tí omi máa ń wọ̀ àti èyí tí kì í wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewu ní ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará wa púpọ̀ ń gbé. Àjọ àyíká ìjọba níbẹ̀ gbé ìṣirò tuntun jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù mílíọ̀nù 6.3 ló wà ní ibi tí omi odò, omi òkun tàbí àgbàrá òjò lè dé, àti pé ó lè tó mílíọ̀nù mẹ́jọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Nínú mílíọ̀nù 6.3 náà, 4.6 ni ti àgbàrá òjò, èyí tó fi 43 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó fa púpọ̀ nínú àfikún náà kì í ṣe pé òjò ṣàdédé pọ̀. Ńṣe ni wọ́n kà á dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewu náà ti wà níbẹ̀, ojú wọn ni kò tó o.

Wọ́n tún pín ewu sí ìpele. Ilé tí ewu rẹ̀ ga ni èyí tí omi lè wọ̀ ní ọdún kan nínú 30. Èyí tó tẹ̀ lé e wà láàárín ọdún kan nínú 30 àti ọdún kan nínú 100. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá ní "ẹ̀ẹ̀kan nínú 100 ọdún," àwa á rò pé bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ó di ìgbà àwọn ọmọ ọmọ wa. Irọ́ ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ta ayò náà ní tuntun. Ẹni tó bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún 30 ọdún, tó bí ọmọ síbẹ̀ tó sì tọ́ ọ dàgbà, ó ju ànfààní kan nínú mẹ́rin lọ pé omi á wọlé bá a kí ó tó kúrò. Ti ilé ọdún kan nínú 30, láàárín 30 ọdún kan náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì nínú mẹ́ta. Ta ni nínú wa tó máa wọ ọkọ̀ tí wọ́n sọ fún un pé mẹ́ta bá jáde, méjì ni kò ní dé láyọ̀?

Nítorí náà, bí a bá máa kà, kí a má kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́." Ká kọ ilé tí omi ń wọ̀ lọ́dọọdún sọ́tọ̀, èyí tó ń wọ̀ ní ọdún díẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, àti èyí tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lójú ayé àwọn àgbà sọ́tọ̀. Ìkẹta yìí ni ẹ má ṣe fojú kéré, nítorí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni kì í múra sílẹ̀.

BÍ A Ó ṢE KÀ Á

Iṣẹ́ náà ní apá òkè, ó sì ní apá ilẹ̀.

Apá òkè ni ti sátẹ́láìtì. Láti ọdún 2021 ni Google ti fi àwòrán òrùlé ilé káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè gbé e lé orí àwòrán tó ń fi gíga àti rírẹlẹ̀ ilẹ̀ hàn, kí ó sì rí iye òrùlé tó wà nítòsí odò tàbí ọ̀sà. Ẹ̀rí rere nìyẹn, ní pàtàkì ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé 2006 ni a ka ènìyàn kẹ́yìn. Ní ọdún náà, wọ́n ka 284,336 ní Àríwá Ìjẹ̀bú àti 72,935 ní Ògùn Waterside. Àwọn ọmọ tí a bí ní ọdún yẹn ti di géńdé, ilé tí a ti kọ́ láti ìgbà náà kò sì sí nínú ìwé yẹn.

Ṣùgbọ́n òrùlé kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Sátẹ́láìtì kò mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ ilé ga ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí ó bá ilẹ̀ dọ́gba. Kò mọ̀ bóyá amọ̀ ni ògiri tàbí búlọ́ọ̀kù. Kò sì mọ̀ pé abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni ìdílé mẹ́jọ wà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Ká ní àdúgbò kan ní ilé 100, tí omi sì lè wọ 20 nínú wọn. Ẹni tó ń wo ìwé á ní ọ̀kan nínú márùn-ún péré ni. Ṣùgbọ́n bí 20 yẹn bá jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ tí yàrá dojú kọ ara wọn, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì wà nínú yàrá kan, ìdílé 160 ni à ń sọ. Bí 80 tó kù bá jẹ́ ilé onídìílé kan, ìdílé 80 ni. Nípa báyìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìdílé àdúgbò náà ló wà nínú ewu. Olówó a máa gbé òkè, tálákà ló ń gbé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ka ilé láìka ìdílé ti dín tálákà kù.

Apá ilẹ̀ ni ti ẹsẹ̀ àti ẹnu. Kí ẹni méjì méjì jáde, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, kí wọ́n mú ìwé, bírò àti tépù ìwọnlẹ̀ dání. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè pé: Ṣé omi ti wọ ibí rí? Ọdún wo ni? Níbo ló dé lára ògiri? Ìlà ẹrẹ̀ tí omi fi sára ògiri kì í parọ́, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ wọn bí ẹnu ilẹ̀kùn ṣe ga sí ojú títì. Ẹ kọ iye ìdílé, iye arúgbó, iye ọmọ ọwọ́, ẹni tí kò lè dá rìn, obìnrin tó lóyún. Ẹ kọ ibi tí kànga wà àti ibi tí ṣáláńgá wà. Kí ẹ má sì fi mọ sí ilé gbígbé: ọjà, ṣọ́ọ̀bù, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn kékeré, ibi tí wọ́n ti ń fín ẹja, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Obìnrin tí fíríìjì àti ọjà rẹ̀ bá omi lọ kò ní sùn síta lóru yẹn, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ.

Nehemáyà kò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ tó dé. Òru ló kọ́kọ́ dìde, tó yí ìlú ká, tó wo ẹnubodè tó jó àti ibi tó ti ya. Nígbà tó mọ ohun tó bàjẹ́ tán ló tó pe àwọn àgbà. Ìyẹn ni a ń sọ.

ÀWỌN TÓ LÈ ṢE ÀTAKÒ

Àwọn kan á ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọ́n á sì tún mẹ́nu kan Dáfídì tí Ọlọ́run bínú sí nítorí pé ó ka ènìyàn. A gbọ́. Dáfídì ka jagunjagun kí ó lè mọ agbára ara rẹ̀. Olùṣọ́ àgùntàn tó ka 100 tó rí i pé ọ̀kan kò sí, ìfẹ́ ló fi kà. Kíkà ni ó fi mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù.

Àwọn mìíràn á ní, "Olúwa á ṣọ́ wa." Àmín. Ṣùgbọ́n òfin tí Mósè fún Ísírẹ́lì pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó ṣe ìgbátí sí òrùlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé náà ló ní kí onílé ṣe ìgbátí.

Àtakò kẹta ni èyí tó wúwo jù, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìyá kan lè sọ pé: "Bí ẹ bá kọ ilé mi sílẹ̀ pé omi lè wọ̀ ọ́, ṣé kì í ṣe pé ìjọba á wá fi ọ̀dà pupa kọ́ ọ, tí katapílà á sì tẹ̀ lé e?" Ẹ̀rù rẹ̀ tọ̀nà. A ti rí i ní ọ̀pọ̀ ìlú pé ilé tálákà ni wọ́n ń wó ní orúkọ omíyalé, tí ilé ọlọ́lá tó dí odò kan náà sì dúró. Ìdí rèé tí a fi ní àwa ará àdúgbò ni kí a kọ́kọ́ kà á, kí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ wa. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde láìgba àṣẹ rẹ̀. Iye, òpópónà àti ìwọ̀n omi ni kí a gbé fún ìjọba. Bí ó bá sì di dandan pé kí ilé kan kúrò lójú omi, kí ibùgbé mìíràn tàbí owó tó péye wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ògiri, fún onílé àti fún ayálégbé. Kíkà tí kò bá dáàbò bo ẹni tí a kà, amí ni.

ILÉ TIWA ŃKỌ́?

Ká má tan ara wa. Ilé ìsìn pọ̀ tó dúró sí etí odò àti lórí àbàtà, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dẹ́rùn. A da iyẹ̀pẹ̀ sí i, a mọ odi yí i ká, omi tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà láéláé sì yà sí ilé opó tó wà lẹ́yìn odi. Lẹ́yìn náà ni a wá ń gba owó ìrànwọ́ fún opó náà. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ka ilé ara rẹ̀, kí ó sì wo ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí.

Ó sì ní àwọn kan nínú wa tó ń ta ilẹ̀. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ta àkùrọ̀ fún ẹni tí kò mọ ìlú, tí ẹ dákẹ́ nítorí pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni, òṣùwọ̀n èké nìyẹn, bí ẹ tilẹ̀ san ìdámẹ́wàá lórí owó rẹ̀. Onílé tó ń gba owó akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí omi dé.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì àti ti ìpínlẹ̀: kí wọ́n gba iye tí àwọn àdúgbò bá kà, kí àwọn awọnlẹ̀ wọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí àwòrán ilé tuntun kankan lójú ọ̀nà omi. Owó tí à ń pè ní Ecological Fund ti wà láti ọdún 1981 fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ní iye ilé, iye ìdílé àti ìwọ̀n omi nínú kì í rọrùn láti jù sí abẹ́ tábìlì bí èyí tó kàn ní "ẹ gbà wá o."

Lọ́wọ́ àwọn ìdílé: kí ẹ wọn ilé yín. Ẹ fi ìṣó tàbí ọ̀dà sí ibi tí omi dé rí. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sókè. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọn á sá sí bí ó bá jẹ́ òru. Ẹ̀yin tó ń wá ilé gbé, ẹ bi aládùúgbò kí ẹ tó bi onílé.

Lọ́wọ́ ara wa: kí ìpàdé ilé kọ̀ọ̀kan mú òpópónà kan, kí wọ́n sì ka a tán kí òjò tó tún le. Ogójì ilé kò ju iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Sátidé méjì lọ fún ẹni mẹ́rin. Kí mùsùlùmí àti àwọn ìjọ mìíràn bá wa ṣe é, nítorí omi kì í béèrè ibi tí ènìyàn ti ń jọ́sìn kí ó tó wọlé. Kí Ìjẹ̀bú-Igbó ran Ògùn Waterside lọ́wọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè fi kọ̀ǹpútà wọn ran gbogbo wa lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé í wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tí kò mọ iye ilé tó ń ṣọ́, báwo ló ṣe máa sọ pé òun kò gbà? Òjò ń bọ̀, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé lọ́dún yìí, kí ó bá wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí a mọ ilé tí a ó kọ́kọ́ kàn ilẹ̀kùn rẹ̀, kí a sì mọ orúkọ arúgbó tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn.

Kí Olúwa pa ìjáde àti ìwọlé gbogbo wa mọ́. Àmín.